Tírélà tóóró tí ẹni méjì lè sùn sí: ṣé kí n rà á ni, àbí kí n gé e?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo fẹ́ ra tírélà kékeré tó ní òrùlé, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù, kí n sọ ọ́ di yàrá tí èmi àti ìyàwó mi á máa sùn sí bí a bá rìnrìn àjò. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni yóò máa gbà wọlé, ibẹ̀ kò sì ju mítà 1.85 lọ láti ògiri sí ògiri. Mo lọ wo èyí tí wọ́n pè ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Mo rò pé mítà kan ààbọ̀ ni, àmọ́ nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, ó lé ní mítà 2. Ẹnìkan ní kí n ra èyí tó fẹ̀, kí wẹ́dà gé àárín rẹ̀ kúrò, kó sì jó o padà. Mọ́tò wa kékeré ni, 900 kílò ni ìwé rẹ̀ ní ó lè fà. Mo ga tó mítà 1.83, mo sì fẹ́ lè nàró nínú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ ṣé tí ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í wọ̀n ọ́n, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń mọ̀. Bí mo ṣe ka ìbéèrè yín, ẹ fẹ́ kí tírélà gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, kí ẹni méjì rí ibi sùn, kí ẹ sì tún lè nàró. Méjì àkọ́kọ́ ṣeé ṣe dáadáa, kódà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìnàró yẹn ló máa ń ba ìyókù jẹ́, n ó sọ ìdí rẹ̀ nígbà tí mo bá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ bàtà 5 tó di mítà 2 mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tó ń tà á kò purọ́. Iye tí wọ́n máa ń pe tírélà ẹlẹ́rù, ti àpótí rẹ̀ nìkan ni. Táyà àti mọ́gáàdì kò sí níbẹ̀. Tírélà ẹlẹ́rù tí àpótí rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, 5 tàbí 6, ìta àpótí ni táyà rẹ̀ sábà máa ń wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ fi ìdajì mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ kún un, ẹ óò mọ bó ṣe fẹ̀ tó lójú títì: ti ẹsẹ̀ bàtà 4 á wà ní nǹkan bíi mítà 1.7 sí 1.8, ti 5 á kọjá mítà 2, ti 6 á sún mọ́ mítà 2.4. Tí ẹ bá wá wọ inú rẹ̀, òdìkejì lẹ máa bá. Ògiri á gba tirẹ̀, èyí tó jẹ́ mítà 1.52 níta á ku nǹkan bíi 1.46 nínú, ẹ kò sì tíì fi fóòmù kankan sí i.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi táyà síta? Ẹlẹ́rù ló fà á. Ẹni tó fẹ́ ti alùpùpù tàbí fìríìjì wọlé fẹ́ kí ilẹ̀ inú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láti ògiri dé ògiri, kó má sì ga jù. Táyà gbọ́dọ̀ bọ́ síta nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó fẹ́ sùn fẹ́ fi ilẹ̀ pẹrẹsẹ ṣe? Orí bẹ́ẹ̀dì ló máa wà, bẹ́ẹ̀dì sì ga kúrò nílẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ààyè tí táyà ń wá. Àwọn tó ń ṣe kárávàn, ìyẹn tírélà tí wọ́n dìídì ṣe fún sísùn, ti mọ èyí tipẹ́. Ẹ wo ara kárávàn àtijọ́: ògiri rẹ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀ bo táyà, ojú ihò kan ni táyà ti ń yọjú, àpótí tó bò ó nínú á sì fara pamọ́ sábẹ́ àga tàbí sábẹ́ ibùsùn. Ibẹ̀ ni ìdáhùn mi wà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó ní kí ẹ gé e. Tírélà kì í ṣe ṣòkòtò tí télọ̀ ń gbà wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ yọ 40 sẹ̀ǹtímítà láàárín èyí tó fẹ̀, gbogbo irin ìdábùú abẹ́ rẹ̀ ni wẹ́dà máa gé, tòun ti ọ̀pá tó gbé òrùlé, páànù òrùlé fúnra rẹ̀, pákó ilẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn àti férémù ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan áàsù, ọ̀pá irin tí táyà méjèèjì so mọ́, ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù. Áàsù tó jókòó lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ kì í sábà gún régé. Ilé iṣẹ́ máa ń tẹ àárín rẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè wá gún nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Tí wẹ́dà bá gé àárín náà tó sì jó o pọ̀, ìtẹ̀ yẹn ti bàjẹ́, ooru iná sì lè fa irin sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti rí èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí: etí inú táyà rẹ̀ ti jẹ tán nígbà tí etí òde ṣì dà bíi tuntun. Áàsù onírọ́bà tún burú jù ú lọ, nítorí rọ́bà tó ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì, inú ọ̀pá náà gan-an ló wà, iná wẹ́dà á sì jó o láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Paríparì rẹ̀, iye kílò tí ilé iṣẹ́ kọ sára pátákó irin tírélà kò dúró mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé e, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì máa ní kí ẹ gbé e wá fún àyẹ̀wò kó tó tún gun títì. Tí ẹ bá ro owó iṣẹ́ mọ́ owó tí ẹ fi rà á, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san owó èyí tí wọ́n wọ̀n fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tèmi ni, màá ní kí wọ́n jó ṣásí tuntun, ìyẹn férémù irin tí gbogbo tírélà jókòó lé, kí gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.70 láti etí òde dé etí òde, kí ògiri àpótí sì sọ̀kalẹ̀ bo táyà. Ẹ kíyè sí i pé táyà kò kúrò níbi tí ì bá wà lára tírélà ẹsẹ̀ bàtà 4. Ògiri ló sún síta lọ bá a. Ìdúró rẹ̀ lójú títì kò burú sí i, ṣùgbọ́n inú ti fi nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà fẹ̀ sí i. Bí ògiri bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 lápá kọ̀ọ̀kan, pákó àti fóòmù pọ̀, mítà 1.60 ló kù nínú. Bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ tó mítà 1.40 á wọ̀ ọ́, ó tún ku ààyè fún pẹpẹ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àpótí tó máa bo táyà kọ̀ọ̀kan á wọ inú tó nǹkan bí 25 sẹ̀ǹtímítà: táyà fúnra rẹ̀, ààyè bí ìka mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti pákó tó bò ó. Lókè táyà, ẹ fi gbogbo ààyè tí sípíríǹgì nílò láti tẹ̀ sílẹ̀, ẹ má há a. Ọjọ́ tí ẹrù bá kún tí táyà sì já sí kòtò lẹ máa mọ̀ bí kò bá tó. Tí bẹ́ẹ̀dì bá ga tó 35 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀ inú, ó sábà máa ń tó láti bo àpótí méjèèjì mọ́lẹ̀, àárín wọn á sì di ibi ìkẹ́rù.

Èyí náà ní àléébù. Bí táyà bá jò, ihò ara ògiri gbọ́dọ̀ tóbi tó láti yọ ọ́, tàbí kí ẹ gbé àpótí sókè pẹ̀lú jáàkì títí táyà á fi sọ̀ kalẹ̀ kúrò lábẹ́ etí ògiri. Ẹrọ̀fọ̀ máa ń kóra jọ síbẹ̀, òun ló sì ń jẹ pákó ọ̀pọ̀ kárávàn àtijọ́ láti abẹ́ wá. Ọ̀dà lásán kò lè dá a dúró, ẹ fi páànù alumíníọ̀mù bo abẹ́ ibẹ̀. Ẹ sì gbọ́dọ̀ ti yan táyà kí wọ́n tó jó ṣásí, torí èyí tó tóbi jù ú lọ kò ní wọlé mọ́ láé.

Bí kò bá sí oníṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán nítòsí yín, tírélà ẹsẹ̀ bàtà 4 tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, mi ò ní bá yín jà. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń kan àwọn tírélà kéékèèké fún sísùn tí ẹ̀yìn wọn rí bí ẹ̀kán omi, púpọ̀ nínú wọn kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 lọ, torí bẹ́ẹ̀ náà ni pílàìwúùdù ṣe máa ń wá láti ilé iṣẹ́: mítà 1.22 sí 2.44. Ẹni méjì ń sùn nínú wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi mítà 1.17 ló máa kù nínú fún èjìká ẹni méjì. Tí ọ̀kan bá yí, èkejì á jí. Tọkọtaya tí oorun wọn bára mu ló yẹ fún. Èrò kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń mú wá, pé kí wọ́n sùn ní ìbú kí tírélà lè kúrú. Kò lè bá yín mu. Ẹni tó ga tó mítà 1.83 nílò bíi mítà 1.90 kó tó na ẹsẹ̀, inú tírélà yín kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ lọ́nàkọnà. Ní òró lẹ máa sùn, kí inú gùn tó mítà 2 ó kéré tán.

Àwọn kan á ní kí ẹ wá kárávàn àlòkù tí pákó rẹ̀ ti jẹrà, kí ẹ fọ́ òkè dànù kí ẹ sì lo ṣásí rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí, àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló fẹ̀ ju mítà 1.85 lọ, tépù ni kó máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń tà á. Tírélà pẹrẹsẹ tí kò ní òrùlé náà ṣeé rà tó bá tóóró tó. Èyíkéyìí tí ẹ bá rí, ẹ rá wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi òòlù kékeré gbá ibi tí irin ìdábùú ti pàdé irin gígùn, àti ibi tí apá iwájú ti jáde kúrò lábẹ́ àpótí. Ìró tó ṣe pọ́pọ́ níbẹ̀ túmọ̀ sí pé ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀. Ẹ gbé táyà sókè, ẹ yí i, kí ẹ fetí sí bíárìn, ohun tó ń jẹ́ kí táyà yí geere. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún, nítorí náà 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tírélà sábà máa ń gbó kí eyín rẹ̀ tó tán, nítorí oòrùn àti ìdúró sójú kan. Tó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ ṣírò owó táyà tuntun mọ́ iye tí ẹ fẹ́ san.

Ó wá kan ìnàró. Kí ẹ̀yin lè nàró, inú gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.90, òrùlé á sì tó nǹkan bíi mítà 2.45 sókè ilẹ̀, lórí táyà méjì tí àárín wọn kò tó mítà 1.5. Bí ibi tí ìwúwo tírélà kó jọ sí bá ṣe ga sí, tí táyà sì ṣe súnmọ́ra sí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rọrùn fún un láti yí dànù níbi kọ́nà tàbí nígbà tí atẹ́gùn bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tírélà tóóró gbọ́dọ̀ kúrú sílẹ̀, kò sí ọgbọ́n méjì níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún wo mọ́tò yín, gíga yẹn ni atẹ́gùn máa dojú kọ, epo lẹ ó sì fi san án. Àwọn ìwé mọ́tò kéékèèké kan tiẹ̀ máa ń sọ bí iwájú ohun tí mọ́tò ń fà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi mọ, ẹ yẹ tiyín wò. Ohun tí mo máa ń gba èèyàn níyànjú ni pé kí ó lè jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì láìforí gbá òrùlé. Bẹ́ẹ̀dì tó ga tó 35, fóòmù sẹ̀ǹtímítà 10 lórí rẹ̀, àti nǹkan bí 95 fún ẹni tó jókòó, ìyẹn jẹ́ mítà 1.40 nínú, gbogbo rẹ̀ kò sì ní ju nǹkan bíi mítà 1.95 lọ sókè ilẹ̀. Ẹ lè wọ aṣọ lábẹ́ àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òrùlé tó ń ṣí sókè wà lóòótọ́, àmọ́ ó ń fi ìwúwo sókè níbi tí a kò ti fẹ́ ẹ, etí rẹ̀ sì ni òjò ti kọ́kọ́ máa ń wọlé. Ẹni tó bá ti kan méjì mẹ́ta rí ni mo lè ní kó ṣe é.

Lórí 900 kílò yẹn, ẹ padà lọ ka ìwé mọ́tò. Iye méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀: ti tírélà tó ní búréèkì àti ti èyí tí kò ní, èkejì yìí sì máa ń kéré gan-an. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tírélà tí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá lè ju 750 kílò lọ gbọ́dọ̀ ní búréèkì tirẹ̀. Ẹ fi 600 sí 650 kílò pẹ̀lú ẹrù ṣe àfojúsùn, kí mọ́tò yín lè mí nígbà tó bá ń gun òkè. Ìwúwo kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Pílàìwúùdù odindi kan tó nípọn tó mìlímítà 12 wúwo tó nǹkan bí 20 kílò. Omi líítà kan, kílò kan. Bátìrì lẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ 100 Ah (iye iná tó lè gbà pamọ́) sún mọ́ 30 kílò, nígbà tí ti líthíọ̀mù kò ju nǹkan bíi 12 lọ. Ẹ lo pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ògiri, kí fóòmù àárín rẹ̀ jẹ́ kó le.

Ibi tí ẹ bá gbé ìwúwo sí náà ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń gbé ilé ìdáná sí ẹ̀yìn, tí ẹ bá ti ṣí ìdérí ẹ ti ń dáná. Ó dára, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ bí sítóòfù, omi àti ìkòkò bá kó jọ sẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, tírélà á sì máa ju ìdí sọ́tùn-ún sósì bí eré bá ti pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí ìwúwo tó jókòó sórí ìkọ́ mọ́tò tó ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo tírélà. Ní Yúróòpù, mọ́tò máa ń ní òpin ìwúwo tirẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀, ó sábà wà láàárín 50 sí 100 kílò. Ẹ gbé bátìrì síwájú, ẹ gbé omi sí òkè áàsù gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí apá iwájú gùn díẹ̀. Gígùn yẹn tún wúlò nígbà tí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn rìn, torí tírélà tóóró tó tún kúrú máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn mọ́tò. Ìgbà tí ẹ bá fi máa rí i nínú díńgí, ó ti ṣẹ́ kọjá ibi tí ẹ lè gbà á padà.

Nínú, ẹ ṣọ́ra fún afẹ́fẹ́. Àpótí yín kò ní gbà ju nǹkan bíi mítà oníkúbù 5 lọ, èémí ẹni méjì láàárín òru kan sì tó láti mú kí ògiri máa sun omi. Ẹ dá ihò fáànù sí òrùlé, ẹ sì dá ihò mìíràn sísàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ tútù á máa gbà wọlé, torí fáànù tí kò rí ibi fà á kò ṣe nǹkan kan. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dáná nínú rẹ̀ tàbí gbé èédú wọlé nítorí òtútù: kábọ́ọ̀nù monọ́ksáìdì, gáàsì olóró tó ń jáde lára iná, kò ní òórùn, nínú ààyè kékeré báyìí kì í pẹ́ pa èèyàn. Ẹ ra ẹ̀rọ tó máa ń ké tó bá gbọ́ ọ, kí ẹ gbé e sítòsí orí yín. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tírélà ẹlẹ́rù tún ní ewu tirẹ̀. Ìta nìkan ni ọ̀pá ìtìpa rẹ̀ ti ń ṣí. Ẹni tó bá sùn nínú rẹ̀ láìsí ilẹ̀kùn mìíràn ti di ẹrù. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó ń ṣí láti inú, àti fèrèsé tí èèyàn lè gbà jáde lápá kejì, ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sínú àwòrán.

Ẹ̀gbẹ́ ilé yín ńkọ́? Mọ́tò yín fúnra rẹ̀ pẹ̀lú díńgí méjèèjì lè má gba 1.85 kọjá, ẹ wọ̀n òun náà. Ọwọ́ lẹ máa fi ti tírélà wọlé, lórí táyà kékeré iwájú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé 1.70 dípò 1.80. Ẹni méjì lè ti 500 kílò lórí kọnkéré tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ máa nílò ẹ̀rọ tó ń fi okùn wáyà fà. Bí kọ́nà bá wà ní òpin rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya gígùn àti fífẹ̀ tírélà sórí ilẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Èmi kò rí ibẹ̀, mi ò sì lè dá a lẹ́jọ́ láti ibi tí mo wà.

Tí ẹ bá ń lọ bá oníṣẹ́, ẹ má sọ "ẹsẹ̀ bàtà" kankan fún un. Ẹ kọ fífẹ̀ láti etí òde dé etí òde, irú táyà, ààrin ojú tí a ń de táyà méjèèjì mọ́, ààrin sípíríǹgì méjèèjì, àti iye kílò tí áàsù gbọ́dọ̀ lè gbé. Àwọn tó ń ṣe áàsù máa ń ṣe é bí oníbàárà bá ṣe wọ̀n ọ́n, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti gé èyí tó ti wà nílẹ̀. Bí oníṣẹ́ náà bá ní òun kò lè kọ iye kílò yẹn sórí ìwé kí ó sì fọwọ́ sí i, ẹ wá ẹlòmíràn.